Ọ̀túnba Ojúlówó àti Òjò Fájuyì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ fún un ní àga tó ń yí, kí ẹ fi akọ̀wé kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò máa wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò ní pẹ́ rárá tí ẹ ó fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀pà.

Ọ̀túnba Olúwarótìmí Akínyẹlé, ọmọ Ìjan-Èkìtì, gba àga tirẹ̀ lásìkò tí ayédèrú ọjà gba gbogbo ìgboro Adó kan. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ pé kó máa ṣàyẹ̀wò báàgì, bàtà, aago àti aṣọ olórúkọ ńlá, kí ará ìlú má baà fi owó ojúlówó ra ayédèrú. Iṣẹ́ rere ni, ta ló máa sọ pé kò dára? Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe alága! Ohun tí Ọ̀túnba mọ̀ nípa ojúlówó kò ju ohun tí ewúrẹ́ mọ̀ nípa ọjọ́ Àìkú lọ.

Ọjọ́ tó wọ ọ́fíìsì, kò béèrè fáìlì, kò béèrè òfin. Dígí ló béèrè. Wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ iwájú rẹ̀, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n tún gbé ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà kó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ bó bá ń jáde lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀ láti imú. Èdè Ìjan tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, ó tì í sínú yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kóòtù rẹ̀ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n bá rán kóòtù tuntun, wọ́n máa ń fi òwú díẹ̀ so lébẹ̀lì mọ́ etí apá rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ ohun tó ń rà. Bí o bá ti rà á tán, o tú u dànù. Ọ̀túnba kì í tú tirẹ̀. Ṣe ni yóò ní kí télọ̀ tún rán an mọ́ ibẹ̀ dáadáa. Bó bá fẹ́ bọ ènìyàn lọ́wọ́, apá òsì tí lébẹ̀lì wà ló máa ń nà jáde. Àwọn àgbà Adó á wo ọwọ́ òsì yẹn, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e mì.

Ìyàwó rẹ̀, Olúwabùnmi, tó ń ṣe olùkọ́, bá a sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó mú àlùmọ́gàjí dání.

"Dádì Ìtùnú, ẹ na apá yín wá kí n bá yín tú nǹkan yìí. Àwọn òǹtajà ló wà fún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá ti ń bi mí pé ṣé ẹ fẹ́ dá kóòtù yìí padà ni."

Ọ̀túnba fa apá rẹ̀ mọ́ra. "Mọ́mì Ìtùnú, bí a bá tú u, báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ ohun tí mo wọ̀?"

"Wọ́n á mọ̀ pé kóòtù ni ẹ wọ̀."

"Ojú kékeré ni ẹ fi ń wo nǹkan ńlá," ni Ọ̀túnba fi dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ́fíìsì, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkọ́kọ́ ṣe ohun tí Ọ̀túnba pè ní Ìdánimọ̀ Òwúrọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò. Ọ̀túnba á wọlé, á yí bírí, á dúró. Òkìkíọlá, akọ̀wé rẹ̀, á sún mọ́ apá kóòtù, á ka ohun tó wà níbẹ̀, á sì tàdí mẹ́yìn bí ẹni tí iná mànàmáná gbé.

"Yéè! Ọ̀túnba, ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ ṣọ́ra kí ojú yín má fọ́! A-wọ-ojúlówó-wọ-awọ-ara! Òyìnbó tó rán an, ara yín ló fi wọ̀n ọ́n!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ dáadáa, kí ó má retí ìsinmi lọ́dún náà. Òkìkíọlá yìí, kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ju kó máa yin ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Gbogbo ohun tí Ọ̀túnba ń wọ̀, ọ̀dọ̀ Fúnkẹ́mi ló ti ń rà á. Fúnkẹ́mi ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan lójú títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀, orin ń lọ jẹ́jẹ́, gbogbo ọjà sì ń dán gbinrin. "Ọ̀túnba," ni yóò wí, á bu ọwọ́ lé àyà, "ẹ̀yin nìkan ni mo lè ta èyí fún. Ẹlòmíràn á kàn bà á jẹ́ lára ni. Láti Ítálì ni, tààrà!" Bàtà náà wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nìkan ló ti rí Ítálì. Ṣé Ọ̀túnba mọ̀? Ó dán, ó wọ́n, orúkọ ńlá wà lára rẹ̀. Kí ni ó tún kù tí alága fẹ́ mọ̀? Ó kọ ìwé ẹ̀rí olómi wúrà fún Fúnkẹ́mi, ó ní kó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tó yá, ó pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì kéde àmì tí a ó fi máa mọ ojúlówó. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún:

"Èmi, Ọ̀túnba Olúwarótìmí Akínyẹlé, ẹni tí Olúwa fi ojú idì jíǹkí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́, mo kéde báyìí pé ojúlówó gbọ́dọ̀ máa dán! Ohun tí kò bá dán, kí ló ń fi pa mọ́? Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní òdìkejì títì á fi rí i kà. Ojúlówó kì í tijú orúkọ ara rẹ̀! Ní ìparí, omi ni yóò ṣe ìdájọ́. Ohun tí omi bá kàn, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, tàbí tí góòmù rẹ̀ bá tú, ayédèrú ni. Iná ni ìpín rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti bàbá mi, ìbáà jẹ́ ti èmi alára!"

Òkìkíọlá sunkún. Mo sọ pé ó sunkún, omi ojú gidi.

Ẹ̀yin ará, ìgboro dàrú. Àwọn télọ̀ pa aṣọ tì, lébẹ̀lì ni wọ́n ń rán láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá kan kọ orúkọ òyìnbó gàdàgbà sí ara àpò ìrẹsì Ìgbemọ kí ìgbìmọ̀ má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní ìjọ Aládùúrà kan, wòlíì rán lébẹ̀lì mọ́ apá sùtánà, ó ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan tó gbó, ó ń fi òróró pa á kó lè dán. Kò sí ayédèrú kankan tó dínkù o. Ó kàn ń dán sí i ni.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe dé ọjà Fájuyì nìyẹn, ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀ Adédoyin ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà sí.

Bọ́sẹ̀ ń ta òkìrìkà, báàgì àti bàtà tí àwọn òyìnbó ti lò kù. N kò ní parọ́ fún yín, Bọ́sẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Ayédèrú wà nínú ẹrù tirẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, á sọ fún yín: "Féèkì ni èyí o, ẹ má sọ pé mi ò sọ. Àmọ́ ó máa gbé yín dé Kérésì." Bélì tuntun, odidi ìdì ẹrù òkìrìkà kan, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tó ní láyé ló dà sórí rẹ̀. Bí bélì yẹn bá bọ́, ó di dandan kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò níléèwé Adó, kó padà sí oko bàbá rẹ̀ ní Ìgbemọ, ó sì ti búra pé òun kò ní padà síbẹ̀ láéláé.

Ọ̀túnba fi orí ìka kan gbé báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ kan sókè. Báàgì náà ti gbó díẹ̀, kò dán rárá.

"Kí ni èyí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Báàgì ni."

"Mo rí i pé báàgì ni! Orúkọ rẹ̀ dà?"

"Inú ló wà, Ọ̀túnba. Ẹ ṣí i, ẹ wo apá ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, kékeré báyìí."

Ọ̀túnba kò ṣí i. Ó yíjú sí àwọn oníròyìn. "Ẹ gbọ́ o! Inú! Ìwọ obìnrin yìí, ta ní í kọ orúkọ síbi tí aráyé kò ti lè rí i?"

"Bóyá ẹni tí kò dààmú bóyá aráyé rí i ni, sà," ni Bọ́sẹ̀ wí.

Àwọn ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe báàgì. Ojú Ọ̀túnba pọ́n. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀!"

Ìgbà tí Bọ́sẹ̀ rí i pé wọ́n ń kó bélì náà sínú ọkọ̀ lóòótọ́, ó kúnlẹ̀, eré kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀túnba, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹnu mi ló ṣẹ̀. Ẹ ṣa èyí tó bá jẹ́ féèkì níbẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo ní nìyẹn."

"Òfin kì í mú ìdajì," ni Ọ̀túnba wí láti imú. Ó wọ mọ́tò. Bọ́sẹ̀ wà lórí eékún rẹ̀ títí eruku mọ́tò fi rọlẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa sun gbogbo ẹrù tí wọ́n gbà, ní gbangba, ní Fájuyì. Òkìkíọlá wá mú ìròyìn kan wá tó mú kí Ọ̀túnba fò sókè lórí àga: Bàbá Adébáyọ̀ ń bọ̀! Bàbá yìí ni àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú, ará Ìgbemọ, ẹni tó jẹ́ pé bó bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, o di kọmíṣánnà, bó bá sì gbọn orí pé rárá, o ti lọ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ yan kọmíṣánnà tuntun. Orúkọ Ọ̀túnba wà lára àwọn tí wọ́n ń rò, Bàbá sì ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọkùnrin náà.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀túnba kò ti sùn dáadáa. Kóòtù tuntun dé láti ọ̀dọ̀ Fúnkẹ́mi, aláwọ̀ aró, pẹ̀lú bàtà tó ń tàn yanran. Ìṣòro kan ló kù. Bí Bàbá bá dé, dandan ni kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí Bàbá kì í ka ìdọ̀bálẹ̀ orí ìka kún. Bí ènìyàn bá sì dọ̀bálẹ̀, báwo ni lébẹ̀lì ṣe máa hàn? Olúwabùnmi jáde láti ilé ìdáná, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ pàlọ̀, apá òsì rẹ̀ nà síwájú gbọọrọ.

"Yéè! Dádì Ìtùnú, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba," ni ó wí láti ilẹ̀. "Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣe bíi Bàbá. Ṣé ẹ rí i kà?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín mọ́, àánú ni. "Mo rí i," ló wí, ó sì padà sídìí ọbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Fájuyì kún fọ́fọ́. Wọ́n kó ẹrù jọ bí òkìtì, ti Bọ́sẹ̀ ló wà lókè, báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn sì jókòó sórí gbogbo rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi kan wà níwájú. Wọ́n ta kánópì fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n Ọ̀túnba ní kí wọ́n má ta nǹkan kan sí orí òun. "Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn mí," ló wí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun gbọọrọ láti ojú títì dé àga Bàbá.

Kí Bàbá tó dé, Ọ̀túnba ní kí wọ́n fi báàgì Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Òkìkíọlá rì í bọ omi, ó gbé e jáde. Omi mọ́ kedere.

Ọ̀túnba fajú ro. "Ẹ pààrọ̀ omi. Omi yẹn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Wọ́n pààrọ̀ omi. Wọ́n tún rì í. Omi tún mọ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Ọ̀túnba wí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "ẹ̀yin ará ìlú, ohun tí ẹ ń wò yìí ni a ń pè ní ayédèrú olóríkunkun! Òun ló léwu jù lọ! Iná!"

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Òkìkíọlá ké.

Bọ́sẹ̀ wà láàárín èrò, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ènìyàn, ṣé ẹ gbọ́? Omi ló ṣẹ̀!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá sí i. Wọ́n ti ní Bàbá ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí òkìtì náà.

Ibẹ̀ ni ojú ọ̀run ti ṣú. Ẹ mọ òjò Adó, kì í kan ilẹ̀kùn. Ó bọ́ lulẹ̀ ṣàà, èrò tú ká sábẹ́ ìsọ̀, àwọn àlejò fún ara wọn mọ́ abẹ́ kánópì. Ẹnì kan ṣoṣo kò kúrò lójú kan. Àwọn tó ń ya fídíò ṣì ń ya á, wọ́n sì ti ní mọ́tò Bàbá ti wọ ìgboro, ta ló fẹ́ kí Bàbá bá òun lábẹ́ ìsọ̀? Ọ̀túnba dúró nínú òjò, ó gbé àgbọ̀n sókè, omi ń ṣàn gba inú kọ́là rẹ̀ wọlé.

Òjò dá. Mọ́tò Bàbá dé. Arúgbó náà bọ́ọ́lẹ̀, agbádá rẹ̀ funfun báláú, ó sì ń rọra tẹ aṣọ funfun náà bọ̀. Ọ̀túnba sáré pàdé rẹ̀, ó fò, ó sì balẹ̀ gbalaja. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ìdọ̀bálẹ̀ náà dára. Apá òsì nà jáde bó ṣe kọ́ ọ nílé, lébẹ̀lì wà lábẹ́ imú Bàbá gan-an.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni Bàbá wí. "Mi ò mú awò ojú mi wá."

Bẹ́ẹ̀ ni èrò tó wà lẹ́yìn ti ń rí ohun mìíràn. Àtẹ́lẹ̀ bàtà Ọ̀túnba ló dojú kọ wọ́n, méjèèjì sì ti la ẹnu. Ọ̀kan já pátápátá, páálí ló yọ jáde nínú rẹ̀, páálí tòmátò inú agolo, àwòrán tòmátò pupa kan wà lára rẹ̀. Ẹni tó wà ní òdìkejì títì rí i dáadáa.

"Dìde, dìde, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Ọ̀túnba dìde. Gbogbo Fájuyì na ọrùn. Lórí aṣọ funfun náà, Ọ̀túnba mìíràn ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀: orí, ikùn, ẹsẹ̀, apá òsì tó nà jáde, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ aró.

"Ó ń ṣí o!" Ohùn Bọ́sẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ọjà ti gbà á: "Ó ń ṣí o! Ó ń ṣí o!" Àwọn onímọ́tò ń fọn fèrè sí i. Ọ̀túnba wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti di ọwọ́ aláró. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ láti imú, imú kọ̀. Èdè Ìjan tó ti há mọ́ yàrá látọjọ́ yìí já ilẹ̀kùn.

"Iye mi o! Ẹ gbà mí o! Ulé! Ulé ni mo fẹ́ lọ!"

"Áà," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ sì là díẹ̀, "ọmọ tòsí ùlú wa ni ọ́ tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí o kò ti máa sọ̀rọ̀ báyìí?" Ó wo àwòrán aró tó wà lórí aṣọ funfun yẹn. Ó wo báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ tó jókòó sórí òkìtì, tí òjò ti fọ̀, tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. "Rótìmí, mo gbọ́ òfin rẹ lórí rédíò. Ohun tí omi bá kàn tó bá ṣí, kí lo ní ká ṣe é?"

Èrò dáhùn fún un: "Iná!"

"Ẹ má sun ún, ọmọ ènìyàn ni," ni Bàbá wí. "Ẹ kó ẹrù àwọn ẹlẹ́rù fún wọn. Uṣẹ́ tí a sì ní fún ọ, jẹ́ ká fi fún ẹni tí kì í ṣí." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé ó rọra ti ọwọ́ tí aago ńlá wà sínú àpò agbádá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Fúnkẹ́mi ni wọ́n ti ra aago yẹn fún un, ojú ọ̀run sì ṣì ṣú díẹ̀. Ó yára wọ mọ́tò.

Òkìkíọlá ńkọ́? Òun ló ṣí agbòòrùn lé Bàbá lórí. "A-sọ-òtítọ́-má-bẹ̀rù!" ló ń ké tẹ̀lé mọ́tò náà. "A-wo-ènìyàn-wò-ó-dénú!" Rédíò kéde kí ilẹ̀ tó ṣú pé wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Èrò túká tán, mọ́tò ìgbìmọ̀ ti lọ, bàtà Fúnkẹ́mi sì ti já tán; Ọ̀túnba ṣì dúró síbẹ̀ láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ àti àfọ́kù. Kò lè rìn dé ilé báyẹn. Bọ́sẹ̀ ti ń to ọjà rẹ̀ padà, ó ń kọrin ìyìn lábẹ́ ahọ́n. Báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ ló fi kọ́ iwájú ìsọ̀. Ọ̀túnba rọra sún mọ́ ọn, ó dúró.

"Ẹ kú ọjà, mà."

Bọ́sẹ̀ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo èébú tó ti ṣètò sílẹ̀ wà ní ẹnu rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sì mí kanlẹ̀. Ó fa bàtà dúdú kan jáde nínú bélì, bàtà tó ti gbó, tí kò dán.

"Ẹ wọ̀ ọ́ wò."

Ó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn, ara tù ú. Ó yẹ òkè bàtà náà wò, ó yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ojúlówó ni? Orúkọ rẹ̀ dà?"

"Ó wà lábẹ́," ni Bọ́sẹ̀ wí, "níbi tí ẹ ó ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ máa lọ ulé."